Wọn Ò Wò Ó, Wọ́n Sì Ń Wí: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Àró Lóṣù Keje Ọdún 2025

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2025, mo wà nílé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Òkè-Àró, nílùú Àkúrẹ́, pẹ̀lú mẹ́rin nínú àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù nílé ìwé. Super Falcons, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, ń kojú Botswana nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà tó wáyé ní Morocco. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré parí, kò sì tíì sí góòlù. Ọkùnrin kan ní bẹ́ǹṣì iwájú dìde, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní: "Kí ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe lórí pápá? Kí wọ́n padà sílé ọkọ, kí wọ́n lọ gún iyán!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn pé ìyá àgbà ni gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wọn ti kú. Ẹlòmíràn dárúkọ ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ó ní ṣé obìnrin nìyẹn, kí wọ́n lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ dìde yẹn ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́rin tí mo kó wá. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọmọ náà jókòó sí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, àárín ẹ̀yìn ló máa ń gbá fún wa. Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì wo ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe rí, torí pé mo wà nínú rẹ̀, àṣìṣe tèmi sì wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, a sì ń kíra wa láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ilé ìwòran náà díẹ̀, nítorí bó ṣe rí wà lára ọ̀rọ̀. Páànù ni òrùlé rẹ̀, tí òjò oṣù Keje bá ti ń rọ̀, a kì í gbọ́ ohùn oníròyìn mọ́. Bẹ́ǹṣì onígi la máa ń jókòó lé. Tẹlifíṣọ̀n ńlá wà níwájú, kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì tí ìyàwó ẹni tó ni ibẹ̀ ti ń ta mínírà àti omi tútù. Àwọn bíríkìlà, ọlọ́kadà, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń tajà ní Arákálẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Obìnrin kì í wọ́pọ̀. Àwa márùn-ún nìkan ni obìnrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí a bá yọ ìyàwó onílé kúrò.

Ní ìṣẹ́jú kọkàndínláàádọ́rùn-ún, Michelle Alozie gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà. Ilé ìwòran mì tìtì. Bàbá ọmọ yẹn gbá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìparí, tí a ń jáde lọ, mo tún gbọ́ ohùn rẹ̀: "Góòlù kan ṣoṣo, sí Botswana! Ìtìjú gbáà ni."

Lójú ọ̀nà ilé, mo ṣe ohun tí mo rò pé ó tọ́. Mo ní kí àwọn ọmọ má fi ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin yẹn sọ́kàn, Falcons gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lónìí. Ọmọ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dákẹ́ títí a fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà. Ó wá ní:

"Ma, wọn ò gbá a dáadáa."

Mo ní kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

"Tó bá jẹ́ àwa la gbá a báyìí, ẹ ò ní sọ pé a gbá a dáadáa. Ẹ máa ní ká lọ sáré yí pápá ká."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ ló sọ. Mo ti fẹ́ fi irọ́ bo àwọn obìnrin yẹn torí pé wọ́n bú wọn, mo sì fi hàn nípa bẹ́ẹ̀ pé èmi náà kò kà wọ́n sí agbábọ́ọ̀lù tí a lè bá sọ òdodo ọ̀rọ̀. Ta ló ń parọ́ fún Super Eagles, ikọ̀ àwọn ọkùnrin wa? Bí Eagles bá ta ọ̀mì pẹ̀lú orílẹ̀-èdè kékeré, gbogbo Nàìjíríà ló máa ń béèrè ìdí. Ikọ̀ obìnrin tó gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láti ọdún 1998 títí di 2018, tí kò pa Ife Àgbáyé kan jẹ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, ó yẹ ká bi wọ́n léèrè tí wọ́n bá ń dúró de ìṣẹ́jú kọkàndínláàádọ́rùn-ún kí wọ́n tó borí Botswana. Ọlá la fi bù fún wọn tí a bá béèrè. Ohun tí wọ́n sọ nílé ìwòran lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò sí nínú ìbéèrè. Iyán gígún kò sí lára bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó sọ fún Chelsea, kílọ́ọ̀bù ọkùnrin ti Lọ́ńdọ̀nù, rí pé kí wọ́n lọ tún ilé ìyàwó wọn ṣe.

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tó béèrè bó ṣe yẹ. Bàbá awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pẹ̀lú àtùpà ìléwọ́ rẹ̀ torí iná tó lè lọ nígbàkúgbà. Nígbà tí àwọn yòókù ń pariwo, mo gbọ́ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ ṣáá. Wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù wọ àárín, orí kan ṣoṣo ló máa wà níbẹ̀ láàárín ẹni mẹ́rin. Ta ni yóò kàn án?" Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ọmọ yẹn nìkan ló gbé ojú sókè wò ó.

Ìyẹn ni Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, ni ọ̀rọ̀ bẹ́.

Ọjọ́ náà wúwo. Ọ̀sán ni ìròyìn dé pé Ààrẹ tẹ́lẹ̀, Muhammadu Buhari, ti kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ kan náà ni Chelsea àti PSG ti Faransé fẹ́ gbá àṣekágbá ìdíje àgbáyé fún àwọn kílọ́ọ̀bù ní Amẹ́ríkà, alẹ́ ọjọ́ kan náà sì ni Falcons fẹ́ kojú Algeria. Nígbà tí a dé ilé ìwòran, Chelsea ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, bẹ́ǹṣì gbogbo sì ti kún. Falcons wà lórí kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ohùn rẹ̀ kò sì jáde. Mi ò bá onílé jà nítorí ìyẹn. Owó ló ń wá, àwọn tó ń san igba náírà sì ti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wò.

Àwa márùn-ún àti bàbá awakọ̀ la dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó onílé bá ṣí i láti mú omi fún ẹnìkan, ilẹ̀kùn rẹ̀ a bo ìdajì pápá mọ́ wa lójú. Báyìí la ṣe wo àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Falcons ti wọ ìpele tó kàn kí wọ́n tó gbá eré yìí, nítorí wọ́n ti na Tunisia ní góòlù mẹ́ta sí òdo, wọ́n sì ti na Botswana. Ọ̀mì tí kò ní góòlù ló parí sí, wọ́n sì fi àmì méje ṣe olórí ìsọ̀rí wọn.

Chelsea na PSG ní mẹ́ta sí òdo. Ariwo ayọ̀ gba ilé kan. Nígbà tó rọlẹ̀ ni ẹnìkan yíjú sẹ́yìn béèrè: "Falcons ńkọ́?" A ní ọ̀mì ni, òdo sí òdo. Èébú bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti pọn ọ́n sílẹ̀, tí wọ́n kàn ń dúró de ẹni tí yóò gbé igbá wá. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù obìnrin kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní Oshoala, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Falcons, ti jẹun yó, kò lè sáré mọ́. Bàbá ọmọ náà tún dá ọ̀rọ̀ iyán sílẹ̀.

Ọmọ náà rìn bọ́ sí àárín ilé. Ó ní: "Ẹ̀yin ò wò ó. Kò sí ìkankan nínú yín tó wò ó. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ wá ń bú wọn."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń tọ́mọ nílẹ̀ yìí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dìde ní gbangba, láàárín àgbà bí ogójì, kó ní wọn ò wí ire, kí bàbá rẹ̀ sì wà lára wọn. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ó kàn ní, "Ìwọ lò ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn?" Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n jáde sínú òkùnkùn.

Ní Ọjọ́ Ajé, kò wá sí pápá. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bàbá rẹ̀ ti ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́, eré tó ń sọ ọmọ di aláfojúdi ni.

Mo lọ bá wọn nílé lálẹ́ Ọjọ́rú. Ìyá rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, ló gbà mí. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó sì wọlé lọ. Bàbá náà dé láti ibi iṣẹ́ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni nílé, mo ní láti sọ ìyẹn.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi ni mo mú àwọn ọmọ wá síbẹ̀. Tí ẹ̀bi bá wà, tèmi ló kọ́kọ́ jẹ́."

Ó ní òun kò bá mi jà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 2023, tí Falcons kojú England nínú Ife Àgbáyé ní Australia, agogo mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní sáìtì, owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sì lọ. Ó wò ó fún ọgọ́fà ìṣẹ́jú. Ó rí i bí wọ́n ṣe lé Lauren James ti England kúrò lórí pápá, ó rò pé ó ti parí fún England. Nígbà tó di pẹnáritì, tí àwọn méjì àkọ́kọ́ tó gbá fún Nàìjíríà pàdánù, tí England sì fi mẹ́rin sí méjì borí, ó ní òun sunkún lójú títì. Ọdún kejì, Òlíńpíìkì ní Paris: Brazil nà wọ́n, Spain nà wọ́n, Japan nà wọ́n. "Mo fẹ́ràn wọn ju àwọn tó ń yìn wọ́n lọ," ó ní. "Ohun tó ń dùn mí ni mo fi ń bú wọn."

Mo gbà á gbọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àkọsílẹ̀ yìí kó rò pé òǹrorò ni ọkùnrin náà. Èébú tó jáde lẹ́nu rẹ̀, inú ìfẹ́ tó ti gbọgbẹ́ ló ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà jáde ni ọ̀nà tó ti là sílẹ̀ fún obìnrin kó tó mọ bọ́ọ̀lù rárá: ilé ọkọ, iyán, odó. Nígbà tí inú bá bí i sí Eagles, ó máa ń dárúkọ ẹni tó pàdánù bọ́ọ̀lù àti ibi tó ti pàdánù rẹ̀. Mo bi í pé ta ló pàdánù bọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ Algeria. Ó wò mí. Ó ní òun kò wò ó.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ káàkiri Àkúrẹ́: pé owó rẹpẹtẹ ni wọ́n ń san fún wọn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ dá a padà. Mo sọ ohun tó wà ní gbangba fún un. Ní 2016, wọ́n gba ife Áfíríkà ní Yaoundé, wọ́n na Cameroon nílé rẹ̀. Inú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn obìnrin kan náà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, kí wọ́n lè san owó wọn fún wọn. Ní 2019, lẹ́yìn tí Jámánì lé wọn jáde nínú Ife Àgbáyé, wọn ò kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì ní Faransé, owó kan náà ni wọ́n ń bèèrè. Ní 2022, ní Morocco, wọ́n kọ̀ láti lọ gbáradì kí wọ́n tó kojú Zambia fún ipò kẹta, nítorí owó. Ó ní ta ló jẹ wọ́n? Mo ní àwọn tó ń ṣètò bọ́ọ̀lù fún wa. Ìyá ọmọ náà, tó ti ń gbọ́ wa láti ibi ìdáná, ló dáhùn: "Ẹ wá fi àwọn tó jẹ wọ́n sílẹ̀, ẹ ń bú àwọn tí wọ́n jẹ."

Kò dá a lóhùn.

Kí n tó lọ, ó ní ọmọ náà lè padà sí pápá tó bá kúnlẹ̀ bẹ àwọn àgbà nílé ìwòran. Mo ronú sí i lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà kò sì tètè tán lọ́kàn mi. Kí ọmọ bẹ̀bẹ̀ nítorí òótọ́ tó sọ? Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ kò dára, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní kó má bẹ̀bẹ̀, bàbá rẹ̀ kò ní yí padà, ọmọ náà ni yóò jìyà rẹ̀. Mo lọ bá bàbá awakọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wá. Ó kù sọ́wọ́ mi."

Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún, ọjọ́ tí Falcons kojú Zambia, ọmọ náà kúnlẹ̀ síwájú bẹ́ǹṣì. Ó ní: "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kò yẹ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀." Àwọn kan ti ń sọ pé ó tó, ọmọ dáadáa ni. Bàbá awakọ̀ dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ó ní: "Ọmọ ti bẹ̀bẹ̀ fún bó ṣe sọ ọ́. Ohun tó sọ ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá, kí là ń pè é tí èèyàn bá sọ àléébù nǹkan? Àríwísí ni. À-rí-wí-sí. Rírí ló ṣáájú wíwí. Ẹni tí kò rí, kí ló ń wí sí?"

Mo ti ń lo ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, mo sì ti kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ ilé ìwé, n kò tú u wò báyẹn rí.

Ó ní tí onílé bá gbà, tẹlifíṣọ̀n ńlá ni kí Falcons máa wà títí ìdíje yìí yóò fi parí, ẹni tó bá sì fẹ́ wí sí wọn, kó sọ ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, àti ohun tó yẹ kó ṣe. Èyí tó bá ti jẹ mọ́ ilé ọkọ, kó gbé e lọ sílé tirẹ̀. Onílé gbà, torí kò sí eré kílọ́ọ̀bù ńlá Yúróòpù kankan tó ń bá a dupò mọ́. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé ọkàn gbogbo èèyàn yí padà lójijì.

Lọ́jọ́ yẹn kò sí àríwísí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Osinachi Ohale gbá tirẹ̀ wọlé kí ọ̀pọ̀ wa tó jókòó dáadáa, márùn-ún sí òdo ló sì parí sí. Eré South Africa, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, le gan-an. Ìgbà tí àfikún àkókò ń lọ ni Alozie tún gbá tirẹ̀ wọlé tó di méjì sí ọ̀kan.

Ohun kan ń dùn mí lọ́dọ̀ gbogbo wa, mo sì fẹ́ sọ ọ́ níbí kí n tó dé àṣekágbá. Àkúrẹ́ ní ikọ̀ obìnrin tirẹ̀, Sunshine Queens, tó ń gbá nínú líìgì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Mo máa ń kó àwọn ọmọ mi lọ wò wọ́n ní pápá ìṣeré ìlú nígbà tí ààyè bá yọ. Níbẹ̀, èèyàn lè gbọ́ ohùn aṣọ́lé bó ṣe ń ké sí àwọn tó wà níwájú rẹ̀, torí ìjókòó tó ṣófo pọ̀ ju èyí tó kún lọ. N kò tíì rí ìkankan nínú àwọn ọkùnrin ilé ìwòran yẹn níbẹ̀ rí. Irú pápá bẹ́ẹ̀, káàkiri ilẹ̀ yìí, ni púpọ̀ nínú àwọn tí a ń bú lórí tẹlifíṣọ̀n ti gbéra. A kì í wo ìrúwé igi, ọjọ́ tí èso rẹ̀ bá kan la máa ń dé pẹ̀lú ariwo.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje. Rabat. Morocco nílé tirẹ̀. Àyè ìjókòó tán nílé ìwòran, àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, Ghizlane Chebbak gbá ti Morocco wọlé. Ní ìkẹrìnlélógún, Sanaa Mssoudy fi ìkejì kún un. Mo rí bàbá ọmọ náà tó dìde. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Ó wo bàbá awakọ̀, ó tún jókòó.

Nígbà ìsinmi, ilé náà dà bí ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Bàbá awakọ̀ pe ọmọ náà. "Ìwọ tó ń gbá ẹ̀yìn, kí lo rí?"

Ó kọ́kọ́ wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mirí sí i.

"Góòlù àkọ́kọ́, ìta àpótí tó wà níwájú ilé ni Chebbak wà. Kò sẹ́ni tó jáde bá a. Ẹ̀yìn wa ń sún padà, wọ́n ń sún padà, wọ́n sì fún un láyè láti wo ojú ilé. Ó yẹ kí ẹnìkan jáde, kí ẹnì kejì wá bo ibi tó ti kúrò. Èmi náà máa ń ṣe é. Ẹ̀rù ló máa ń fà á, èèyàn á rò pé tóun bá jáde, wọ́n á gba ẹ̀yìn òun."

Ọlọ́kadà kan ní òótọ́ ni, ó ní ìkejì náà, wọ́n jìnnà síra jù. Ẹlòmíràn takò ó, ó ní àárín ni kò ran ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ìjiyàn gbóná. Wọ́n ń wí sí Falcons kíkankíkan, wọ́n ń nàka, wọ́n ń fi ìdérí ìgò mínírà to pápá sórí bẹ́ǹṣì, kò sì sí èébú kan nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta yòókù ti wọ àárín wọn. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo ń wò wọ́n, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ohun tó tẹ̀ lé e, gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n. Esther Okoronkwo fi pẹnáritì dá ọ̀kan padà. Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di ọ̀mì. Ní ìṣẹ́jú kejìdínláàádọ́rùn-ún, Jennifer Echegini fi ìkẹta sí i. Mẹ́ta sí méjì, ife kẹwàá. Bàbá náà gbé ọmọ rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o.

Ọjọ́ kejì rẹ̀, orin yí padà ládùúgbò. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là, ìyẹn 100,000, àti ilé oníyàrá mẹ́ta fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní kí wọ́n lọ yẹ̀ wọ́n wò láti mọ̀ bóyá obìnrin ni wọ́n wá bá mi pé òun ní ọmọbìnrin kan tó lè sáré. Mo ní kó mú un wá. Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo bi mẹ́ta nínú àwọn tó ń kọrin Falcons lójú pópó pé ta ló gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù nínú ìdíje náà. Wọn ò mọ̀ pé Rasheedat Ajibade, balógun ikọ̀ náà, ni. Ìyìn tí kò rí, bákan náà ni pẹ̀lú èébú tí kò rí. Ọjọ́ tí Falcons bá tún ta ọ̀mì, ẹnu kan náà ló máa padà síbi tó ti wá.

Bàbá ọmọ náà ni mo lè jẹ́rìí sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ó ń wá sí pápá ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ti tán, á dúró sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ojú ilé. Kì í dákẹ́. Mo ti bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kóòṣì kan ṣoṣo ló wà lórí pápá yìí, ó gbà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a pín àwọn ọmọ sí méjì. Ẹnìkan nínú ikọ̀ kejì gba bọ́ọ̀lù ní ìta àpótí, ó gbé orí sókè, ó gbá a wọlé.

"O ò jáde!" bàbá náà pariwo láti abẹ́ igi. "Ìta àpótí ló wà, o ò jáde bá a!"

Ọmọ náà ti ń tẹ̀ ba láti yọ bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Mo rí i, Dádì."